Òdòdó Tó Ń Tàn Lóru: Kí Ni Iná UV Ń Ṣe Fún Un, Báwo La Sì Ṣe Ń Ya Fọ́tò Rẹ̀?

Irú fọ́tò kan wà tí àwọn èèyàn máa ń pín kiri lórí WhatsApp àti Facebook. Òkùnkùn biribiri ló yí òdòdó inú rẹ̀ ká. Ewé rẹ̀ pupa fòò, àárín òdòdó náà sì ń tàn yòò ní búlúù àti yẹ́lò, àfi bíi pé ẹnì kan tan iná sínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n sì máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé: “Bí oyin ṣe ń rí òdòdó nìyí.” Àwọn tó rí i á ní “Ọlọ́run tóbi!”, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Fọ́tò náà kì í ṣe irọ́. Ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ni irọ́. Oyin kì í rí òdòdó báyẹn, kódà oyin àdúgbò ti wọlé sùn nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò ọ̀hún. Ohun tó fà á tí àṣìṣe yìí fi gbilẹ̀ ni pé oríṣi fọ́tò méjì ló jẹ mọ́ UV. Orúkọ wọn jọra, ṣùgbọ́n òdìkejì ara wọn ni wọ́n. Ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ á ra irinṣẹ́ tí kò wúlò fún un, á sì máa ya fọ́tò tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ pọ́pù, á wá máa bínú sí kámẹ́rà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ UV. Bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ṣe gùn tó la fi ń mọ àwọ̀ rẹ̀, nánómítà la sì fi ń wọ̀n ọ́n. Èyí tí ojú èèyàn ń rí bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 400 nánómítà, níbi tí pọ́pù wà, ó sì parí sí nǹkan bí 700, níbi tí pupa wà. Ìtànṣán ultraviolet, tá a gé kúrú sí UV, wà nísàlẹ̀ 400 yẹn. Ó ń bẹ nínú oòrùn tó ń pa wá lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n a ò rí i, torí pé lẹ́ǹsì inú ẹyinjú wa máa ń dá a dúró kó tó dé ẹ̀yìn ojú. Johann Wilhelm Ritter, onímọ̀ ará Jámánì, ló kọ́kọ́ fura sí i lọ́dún 1801. Ó ń fi silver chloride dán ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ti pín sí àwọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, èròjà tó máa ń dúdú tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, ó sì rí i pé ibi tó ti dúdú kíákíá jù ni ẹ̀gbẹ́ pọ́pù, níbi tí ojú ò ti rí ìmọ́lẹ̀ kankan.

Mẹ́ta ni UV pín sí. UV-A wà láàárín 315 sí 400, UV-B láàárín 280 sí 315, UV-C sì wà nísàlẹ̀ ìyẹn. UV-C ni wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn nínú omi àti nínú yàrá ìtọ́jú, ó sì léwu fún ojú àti fún awọ ara. UV-A nìkan la nílò fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ta iná UV-C fún yín pé kẹ́ ẹ fi ya òdòdó, ẹ má dá a lóhùn.

Tí UV bá kan òdòdó, apá kan lè ta padà bó ṣe wá, apá kan á wọlé, á sì di ooru. Àmọ́ àwọn èròjà kan wà nínú òdòdó, nínú ewé àti nínú ìyẹ̀ (lẹ́búlẹ́bú tí oyin ń kó sẹ́sẹ̀) tó máa ń gba UV náà sára, tí wọ́n á ná díẹ̀ nínú agbára rẹ̀, tí wọ́n á sì tú èyí tó kù jáde gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa lè rí. Ó dà bí ìgbà tẹ́ ẹ fún ọmọ ní ẹgbẹ̀rún náírà pé kó gbé e lọ fún ìyá àgbà lábúlé, tẹ́ ẹ sì ní kó yọ owó ọkọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó máa dé ọwọ́ ìyá àgbà ò lè pé ẹgbẹ̀rún. Ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde fi máa ń lágbára kéré sí èyí tó wọlé: UV lè wọlé kí búlúù jáde, búlúù lè wọlé kí àwọ̀ ewé jáde, ṣùgbọ́n ẹ ò ní tan iná pupa sí òdòdó kẹ́ ẹ wá rí búlúù gbà. Èyí ni wọ́n ń pè ní fluorescence.

Ojú ẹsẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀, ojú ẹsẹ̀ náà ló sì ń tán. Bẹ́ ẹ bá ti pa iná, òdòdó á ṣókùnkùn. Ti tanátaná yàtọ̀ sí èyí, torí pé inú ara tirẹ̀ ló ti ń ṣe ìmọ́lẹ̀. Ti àwọn aago tí ọwọ́ wọn máa ń tàn lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pa iná yàrá náà yàtọ̀, torí pé wọ́n máa ń fi ìmọ́lẹ̀ pa mọ́ fún wákàtí mélòó kan.

George Gabriel Stokes, onímọ̀ físíìsì, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, tó sì fún un lórúkọ, ní Cambridge lọ́dún 1852. Ọ̀kan lára ohun tó fi dán an wò ni quinine, oògùn ibà kíkorò tí àwọn òbí wa gbé mì títí ó fi sú wọn. Quinine tá a pò mọ́ omi máa ń tàn búlúù lábẹ́ UV. Quinine ṣì wà nínú tonic water tí wọ́n ń tà nínú ìgò, nítorí náà ẹni tó bá ní tọ́ọ̀ṣì UV lè dán an wò nílé kó tó jáde sínú ọgbà. Nígbà tó di 1903, Robert Williams Wood, ará Amẹ́ríkà, ṣe gíláàsì dúdú kan tó ń jẹ́ kí UV kọjá, tó sì ń dá ìmọ́lẹ̀ tá à ń rí dúró. Títí dòní, àwọn dókítà awọ ara ṣì ń lo iná tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, torí pé irú àwọn làpálàpá orí kan máa ń tàn ní àwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀. Iná tí àwọn ọlọ́jà fi ń yẹ ayédèrú owó wò, ìlànà kan náà ni.

Ó wá ku ti oyin. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni oyin fi ń mọ àwọ̀. Ọ̀kan ń gba UV, ní nǹkan bí 340 nánómítà, ọ̀kan ń gba búlúù, ọ̀kan sì ń gba àwọ̀ ewé. Pupa tí àwa ń rí ò hàn sí i. Ohun tó ń rí nínú UV ni èyí tó ta padà lára òdòdó láìyí padà. Ẹ wo sunflower. Lójú tiwa, yẹ́lò ni ewé òdòdó rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Àmọ́ ìdí ewé òdòdó náà máa ń gbé UV mì, orí rẹ̀ sì máa ń ta á padà, torí náà òrùka ṣíṣú ńlá kan ló yí àárín òdòdó ká lójú oyin, ó sì ń fọ̀nà hàn án síbi tí oúnjẹ wà.

Ẹni tó bá fẹ́ ya òrùka yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí UV wọ kámẹ́rà, kó sì lé gbogbo ìmọ́lẹ̀ yòókù jáde. Kámẹ́rà tá à ń rà lọ́jà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé gíláàsì kan wà níwájú sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ (ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) tó ń dá UV dúró. Wọ́n gbọ́dọ̀ tú u, kí wọ́n yọ gíláàsì náà, kí wọ́n sì fi fílítà dúdú síwájú lẹ́ǹsì. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń ṣe é, oòrùn ni iná wọn. Fọ́tò tó máa jáde ò sì ní àwọ̀ gidi kankan. Àwọ̀ tẹ́ ẹ bá rí nínú rẹ̀, kámẹ́rà tàbí ẹnì kan ló fi sí i.

Tiwa, tòru, yàtọ̀ pátápátá. UV ló ń ti inú tọ́ọ̀ṣì jáde, ṣùgbọ́n a ò fẹ́ kí ẹyọ kan nínú rẹ̀ wọ kámẹ́rà. Ìmọ́lẹ̀ tí òdòdó fi dáhùn nìkan la fẹ́, àwọ̀ gidi nìyẹn sì jẹ́, ojú lásán lè rí i, kámẹ́rà tẹ́nikẹ́ni ò tú lè yà á. Láìfọ̀rọ̀ gùn, ọ̀kan ń wá UV, èkejì ń sá fún un. Bẹ́ ẹ bá gba gbólóhùn yìí mú, gbogbo ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ tó ń bọ̀ níwájú á yé yín.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé òdòdó kì í ṣe fluorescence lọ́sàn-án ni? Ó ń ṣe é. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lára rẹ̀ pọ̀ débi pé èyí tó ń tú jáde fúnra rẹ̀ ò jámọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Ana Iriel àti María Gabriela Lagorio, wọ̀n ọ́n ní Ajẹntínà, wọ́n sì gbé èsì wọn jáde lọ́dún 2010 pé, nínú àwọn òdòdó tí wọ́n yẹ̀ wò, ó kéré jù láti jẹ́ àmì tí òdòdó fi ń pe kòkòrò. Ìyẹn gan-an ni mo fi ń sọ pé ká yéé kọ orúkọ oyin sábẹ́ fọ́tò òru.

Òdòdó wo la wá máa fi bẹ̀rẹ̀? Ní tèmi, kò sí èyí tó dára tó tannáposó. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, ìdí ògiri, ẹ̀yìn balùwẹ̀, kò síbi tí kì í hù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe pé ẹnì kan gbìn ín. Apá ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó móoru ni ìran rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n ó ti di ọmọ onílé lọ́dọ̀ wa. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ṣí, á wà ní ṣíṣí jálẹ̀ òru, á sì pa dé bí oòrùn àárọ̀ bá mú. Labalábá òru ló ń dúró dè. Wákàtí tá a nílò rẹ̀ gan-an ló fi ń ṣe ọ̀ṣọ́.

Òun náà ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di ìròyìn láàárín àwọn onímọ̀. Lọ́dún 2005, àwọn olùṣèwádìí láti Yunifásítì Murcia ní Sípéènì kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature. Àwọ̀ méjì ló wà nínú òdòdó yìí. Èyí tó jẹ́ yẹ́lò ń jẹ́ betaxanthin, ó máa ń gba ìmọ́lẹ̀ búlúù, á sì tú àwọ̀ ewé jáde. Èyí tó jẹ́ elésè àlùkò ń jẹ́ betacyanin, kì í tú nǹkan kan jáde ní tirẹ̀, kàkà bẹ́ẹ̀ ṣe ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ tí ìkejì rẹ̀ ń tú jáde mì. Ẹ ti rí tannáposó abilà rí, tí ìlà pupa ya kọjá lára yẹ́lò bíi pé ẹnì kan fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ fà á. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ irú èyí. Ibi tó jẹ́ yẹ́lò á mọ́lẹ̀ ní àwọ̀ ewé tó fẹ́ jọ ti òroǹbó tí kò tíì pọ́n, ìlà yẹn á dúró ṣinṣin ní ṣíṣú, ẹ ó sì rí i bí eteetí àwọn méjèèjì ṣe ya ara wọn sílẹ̀ gédégédé. Lẹ́yìn náà ẹ wo àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ jáde láti àárín rẹ̀, kẹ́ ẹ sì wá àwọn hóró ìyẹ̀ ribiti ribiti tó wà lórí wọn.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Búlúù ni betaxanthin ń gbà jù, ní nǹkan bí 470 nánómítà. Ó ń dá UV lóhùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Bí tannáposó yín ò bá tàn tó bẹ́ ẹ ṣe retí, kì í ṣe pé tọ́ọ̀ṣì yín ò dáa. Àwọn kan máa ń lo tọ́ọ̀ṣì búlúù àti fílítà yẹ́lò fún un, ó sì ń tàn ju ti UV lọ, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Irú yẹ́lò yìí kan náà wà nínú ṣọkọ yòkòtò olódòdó yẹ́lò tí wọ́n ń gbìn fún ẹwà, ó sì wà nínú ìbátan pápásan tí àwọn olùgbin òdòdó ń pè ní portulaca. Portulaca yìí lè dójú tini o. Oòrùn ló ń ṣí i. Bẹ́ ẹ bá dé ìdí rẹ̀ lóru, ẹ ó bá a ní dídì, á dà bíi pé ẹnì kan pa á dé mọ́ yín lójú.

Ewé ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Ewé tútù yọ̀yọ̀ á di pupa ṣíṣú. Chlorophyll, èròjà tó fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó bá gbà ló fi ń se oúnjẹ igi, èyí tó sì kù, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, á tú u jáde ní pupa, láàárín 680 sí 740 nánómítà. Ojú wa ò fi bẹ́ẹ̀ mọ pupa tó jìn tó yẹn, ìdí nìyí tí ewé fi máa ń dà bíi pé kò mọ́lẹ̀ tó. Hibiscus pupa ńkọ́? Ewé òdòdó rẹ̀ sábà máa ń ṣú ni, torí pé àwọ̀ pupa tó wà nínú rẹ̀ ń gbé púpọ̀ mì, ó sì ń tú díẹ̀ jáde. Ìyẹ̀ orí ọ̀pá àárín rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dojú lẹ́ǹsì kọ. Ìyẹ̀ ọ̀pọ̀ òdòdó ló máa ń tàn, ti àwọn kan ní búlúù, ti àwọn kan ní yẹ́lò.

Bí òjò bá dí yín mọ́lé, ẹ mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Èyí tí kò tíì pọ́n ò ní tàn búlúù. Èyí tó pọ́n, tó jẹ́ yẹ́lò lójú wa, búlúù ló máa tàn. Ẹgbẹ́ Bernhard Kräutler ní Yunifásítì Innsbruck, ní Ọ́síríà, ló ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 2008: chlorophyll tó ń wó lulẹ̀ bí èso ṣe ń pọ́n ló ń fi àjẹkù tó ń tàn búlúù sílẹ̀ nínú èèpo. Ẹ wo èyí tó ti ń ní àmì dúdú lára, ẹ ó rí òrùka búlúù tó mọ́lẹ̀ ju ìyókù lọ yí àmì kọ̀ọ̀kan ká.

Ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì ló ń jẹ owó àwọn èèyàn dànù. Púpọ̀ nínú tọ́ọ̀ṣì UV olówó pọ́ọ́kú, àwọn tó ní gílóòbù kéékèèké rẹpẹtẹ lójú, 395 nánómítà ni wọ́n. Ìyẹn ti sún mọ́ 400 jù, ó sì ń da pọ́pù tí ojú ń rí jáde púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá tàn án sí òdòdó, pọ́pù yẹn ló máa bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ nílò ni 365. Kódà 365 náà ṣì máa ń da ìmọ́lẹ̀ funfun díẹ̀ jáde, torí náà ó gbọ́dọ̀ ní gíláàsì dúdú lójú. ZWB2 ni orúkọ èyí tó wọ́pọ̀ lára tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà, Hoya U-340 náà sì dára gan-an. Ohun tó máa ń da àwọn tó ń rà á láàmú ni pé 365 tó ní gíláàsì dúdú ò ní dà bíi pé ó tàn rárá tẹ́ ẹ bá tàn án sí ògiri. Wọ́n á ní wọ́n ta èyí tó bàjẹ́ fún àwọn. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Èyí tó bá tàn yanran ní pọ́pù lójú yín ni kẹ́ ẹ dá padà.

Níwájú lẹ́ǹsì, ẹ fi fílítà tó ń dá gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ nǹkan bí 420 dúró. Ó máa ń ní àwọ̀ yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́. Mo mọ̀ pé gíláàsì inú kámẹ́rà ti ń dá púpọ̀ nínú UV dúró, àwọn kan sì ń yà á láìfi fílítà kankan sí i. Ṣùgbọ́n eteetí UV àti pọ́pù ò ní odi láàárín, ìwọ̀nba tó bá yọ́ wọlé nígbà tí kámẹ́rà lajú fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá máa ń tó láti fi aṣọ búlúù bo òdòdó tí kò ṣe búlúù.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń yọ́ wọlé? Ṣíbí ìdáná ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ fọ ṣíbí onírin, ẹ fi omi lásán ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ kí ọṣẹ àti ipa ọwọ́ má bàa kù lára rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e sílẹ̀ níbi tó jìnnà díẹ̀ sí òdòdó. Irin kì í ṣe fluorescence. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kẹ́ ẹ yà á bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ya òdòdó. Bí ṣíbí ò bá hàn nínú fọ́tò, iná yín mọ́. Bó bá hàn ní pọ́pù tàbí ní búlúù, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ ò pè ti bá yín wọlé, yálà láti inú tọ́ọ̀ṣì tàbí nítorí fílítà iwájú lẹ́ǹsì.

Ìdánwò kejì ni ti òkùnkùn. Ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ ya fọ́tò kan láìyí ohunkóhun padà lórí kámẹ́rà. Dúdú kirikiri ló yẹ kó jáde. Bẹ́ ẹ bá rí òjìji ewé nínú rẹ̀, iná alẹ́ aládùúgbò ni, tàbí òṣùpá. Àwọn alẹ́ tí òṣùpá ò bá sí lójú ọ̀run ló dára jù, ọjọ́ tí àwọn oníná bá sì mú iná lọ kò burú rárá, àyàfi bí jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò bá tún dáhùn.

Ìmọ́lẹ̀ òdòdó kéré, ìyẹn ló mú kí iṣẹ́ yìí gba sùúrù. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì funfun sí òdòdó títí lẹ́ǹsì á fi rí i kedere, kẹ́ ẹ pa ìwojú aládàáṣe kámẹ́rà (autofocus) kó má bàa tún un wá lẹ́yìn yín, kẹ́ ẹ tó wá pa iná funfun. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ISO 400 (bí kámẹ́rà ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ kún fọ́tò tó), f/8 (bí ojú ihò lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó) àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n, kẹ́ ẹ sì máa tún un ṣe láti ibẹ̀. Bí kò bá mọ́lẹ̀ tó, ẹ má tíì fọwọ́ kan ISO, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá dín ọ̀nà tó wà láàárín tọ́ọ̀ṣì kékeré àti òdòdó kù sí ìdajì, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ máa rọra gbé tọ́ọ̀ṣì yí ká bí kámẹ́rà ṣe lajú, láti ọ̀tún, láti òsì, láti òkè díẹ̀, kí òjìji má bàa jókòó sójú kan. Kìkì pé kẹ́ ẹ má tàn án sí ojú lẹ́ǹsì, torí gíláàsì àti gọ́ọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ lè tàn fúnra wọn.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá. Fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ewé kan ò gbọ́dọ̀ mì, èèyàn á sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé kò sí alẹ́ tí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́. Àsìkò ọyẹ́ burú jù. Mo fẹ́ràn aago mẹ́rin ìdájí, nígbà tí ilẹ̀ ti tutù tí gbogbo nǹkan sì pa rọ́rọ́. Ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ gún mọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ sì so igi òdòdó mọ́, máa ń ran èèyàn lọ́wọ́, àmọ́ ẹ má lo òwú funfun.

Òwú funfun, aṣọ funfun, tíṣù, gbogbo wọn ló ní ìṣòro kan náà. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ìfọṣọ máa ń fi èròjà kan sínú rẹ̀ tó ń gba UV, tó sì ń tú búlúù jáde, kí aṣọ lè funfun báláú lójú oòrùn. Lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó bá wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun á di àtùpà, ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ á sì tàn sórí òdòdó. Ẹ wọ aṣọ dúdú. Fọ́nrán òwú tín-ín-rín tó já bọ́ látara aṣọ sórí ewé òdòdó, tẹ́nikẹ́ni ò lè rí lọ́sàn-án, á yọ nínú fọ́tò bíi wáyà iná búlúù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ́n ọn kúrò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fóònù lè ṣe é, bó bá ní ibi tẹ́ ẹ ti lè fọwọ́ ara yín yan àsìkò àti ISO, tẹ́ ẹ sì gbé e ka orí ohun tí kò mì. Ohun tí mi ò fọkàn tán lára fóònù ni bó ṣe ń yan àwọ̀ fúnra rẹ̀. Yóò rí búlúù púpọ̀, á rò pé àṣìṣe ni, á sì wá “tún un ṣe”. Ẹ pa ìyẹn, ẹ gbé àwọ̀ sí ti ojú oòrùn, nǹkan bí 5500 K (kelvin, ohun tí wọ́n fi ń wọn àwọ̀ iná), kẹ́ ẹ sì fi í síbẹ̀ fún gbogbo fọ́tò, kẹ́ ẹ lè fi òdòdó kan wé èkejì. Bó bá ń ya RAW, ìyẹn fọ́tò tí fóònù ò tíì tún ṣe, RAW ni kẹ́ ẹ yà. Púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò tó ń káàkiri ló jẹ́ pé ẹni tó yà á ti fa àwọ̀ rẹ̀ sókè títí ó fi fẹ́ ya. Kò burú tó bá jẹ́ ọ̀ṣọ́ lẹ́ ń ṣe, ṣùgbọ́n àwọ̀ tí òdòdó tú jáde gan-an sábà máa ń rọra tàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ara yín. Tọ́ọ̀ṣì 365 tó lágbára ò ṣeé wò lójú. Nítorí pé kò dà bíi pé ó tàn, ojú ò ní ṣẹ́ mọ́ ọn bó ṣe ń ṣẹ́ mọ́ iná funfun, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹ wọ gíláàsì ìdáàbòbò tí wọ́n kọ UV400 sí lára, èyí tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú pẹ̀lú, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kékeré fi tọ́ọ̀ṣì náà ṣeré. Tẹ́ ẹ bá rí ìkùukùu búlúù kan lójú nígbà tẹ́ ẹ ń lò ó, lẹ́ǹsì inú ẹyinjú yín ló ń ṣe fluorescence, ó ń sọ fún yín pé UV ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti àkeekèé. Òun náà máa ń tàn lábẹ́ UV, ní àwọ̀ ewé tó dà pọ̀ mọ́ búlúù, ó sì máa ń mọ́lẹ̀ ju òdòdó èyíkéyìí tẹ́ ẹ wá yà lọ. Kẹ́ ẹ tó kúnlẹ̀ síbikíbi nínú ọgbà, ẹ kọ́kọ́ fi tọ́ọ̀ṣì náà gbá ilẹ̀ yíká, abẹ́ ìkòkò, ìdí òkúta, ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹ ó rí i láti ọ̀nà jíjìn. Àmọ́ èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ èèpo ara rẹ̀ kì í tàn títí ara tuntun náà á fi gan, ejò kò sì ní kí tọ́ọ̀ṣì wá òun rí, nítorí náà bàtà gígùn ò ṣeé fi sílẹ̀ nílé.